Ojú Ìwé Kẹjọ Tí Àbúdù Tẹ̀

Ẹni tó bá gba Fádèyí wọ Ṣómólú, kó tó rìn dé ìkóríta kejì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á ti máa kí i káàbọ̀: kàtà-kátá, kàtà-kátá, bí ẹni pé òtútù ń mú gbogbo àdúgbò tí eyín wọn fi ń gbá ara wọn. Wọ́n ní bí ọmọdé ibẹ̀ bá ṣubú tí orúnkún rẹ̀ bó, ínkì ló ń jáde lára rẹ̀, dúdú lọ́jọ́ Ajé, pupa lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi àwọn ìyá wọn tó ń fọ aṣọ.

Láàrin àwọn atẹ̀wé wọ̀nyí, Àbúdù kọ́ ló lówó jù, ẹ̀rọ tirẹ̀ kọ́ ló sì tuntun jù. Ẹ̀rọ náà ti dàgbà débi pé ó máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbà láti ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ní ká wá ẹni tí kì í ju nǹkan nù, láti Fádèyí títí dé etí ọ̀sà Bàrígà, Àbúdù ni wọn yóò gbé adé fún. Pléètì ló máa ń tọ́jú jù. Pléètì ni irin pẹlẹbẹ tó fẹ́lẹ́ bí ewé, tí wọ́n ń ya ọ̀rọ̀ sí lára kí wọ́n tó dè é mọ́ ẹ̀rọ. Bí iṣẹ́ bá ti parí, àwọn atẹ̀wé yòókù á tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Àbúdù kì í tà. Yóò nù ún, yóò fi gọ́ọ̀mù pa á lára kó má bàa dógùn-ún, yóò fi bébà wé e, yóò kọ orúkọ oníṣẹ́ sí i lẹ́yìn, yóò sì gbé e sórí pẹpẹ. Pléètì ìgbéyàwó wà níbẹ̀ tí ọkọ àti ìyàwó ti kọ ara wọn sílẹ̀ tipẹ́. Pléètì ìsìnkú wà níbẹ̀ tí àwọn tó sin òkú náà ti di òkú fúnra wọn.

"Iṣẹ́ tó bá tún padà wá, tí kò sì yí padà," Àbúdù á wí, "kí la tún fẹ́ ṣe pléètì tuntun fún? Ṣé ẹ máa ń bí ọmọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì ni?"

Nínú gbogbo iṣẹ́ tó ń padà wá, èyí tó fi ń yangàn jù ni ìwé ìlànà Kọ́lẹ́ẹ̀jì Màríà Onísùúrù, ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin tí àwọn Sístà ìjọ Kátólíìkì ń darí, níbi tí Ṣómólú ti tán tí Bàrígà sì bẹ̀rẹ̀. Ọdọọdún, bí àwọn ọmọ bá ti fẹ́ wọ kíláàsì àgbà, wọ́n á fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwé pẹlẹbẹ yìí, olójú ewé mẹ́rìndínlógún. Ojú ìwé keje ló to gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀: ti sáyẹ́ǹsì, ti áàtì, ti ìṣòwò. Ojú ìwé kẹjọ ló sọ ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó lè pe orúkọ rẹ̀ sórí pèpéle gba ìwé ẹ̀rí. Ó gbọ́dọ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án. Ìmọ̀ Bíbélì pọn dandan, ì báà jẹ́ ọmọ Kristẹni, ì báà jẹ́ ọmọ Mùsùlùmí. Ó gbọ́dọ̀ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan. Ó gbọ́dọ̀ fi ogójì wákàtí sin àwọn aláìsàn tàbí àwọn arúgbó. Ẹni tó bá sì kọjú sí sáyẹ́ǹsì, kó mú Físíìsì tàbí Àgíríkì, ìyẹn ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀.

Ọdún méjìdínlógún ni Àbúdù fi tẹ ìwé yìí. Bí o bá jí i lójú oorun ọ̀sán, ó lè ka ojú ìwé kẹjọ láìṣì, ẹnu rẹ̀ á máa mì bí ti ẹni tó ń ka Fátíhà. Nígbà tí ó wá kan ọmọ tirẹ̀ láti wọ ilé ìwé náà, kò tilẹ̀ bi ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Ta ni yóò bi? Òun ló tẹ̀ ẹ́.

Ọmọ náà ni Hikmat, àbígbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹnu Hikmat mú, orí rẹ̀ pé. Ọmọ Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n òun ló máa ń gba ipò kìn-ín-ní nínú Ìmọ̀ Bíbélì. Ó lè ka àwọn ọmọkùnrin méjèèjìlá tí Jákọ́bù bí láìmí, kó tún bi ọ́ léèrè pé ṣé o gbàgbé arábìnrin wọn ni. Wọ́n ní Fadá kan wá ń bi wọ́n ní ìbéèrè lọ́jọ́ kan, Hikmat dáhùn, òun náà wá bi Fadá ní ìbéèrè tirẹ̀, ni Fadá bá rántí pé òun gbé nǹkan ka iná. Agbẹ̀bí ni ọmọ yìí fẹ́ ṣe. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń sọ ọ́, kò sì fi ọjọ́ kan yà kúrò nídìí rẹ̀.

Ọdún tí Hikmat fẹ́ wọ kíláàsì àgbà gan-an ni ọ̀gá tuntun dé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Sístà Sabina ni wọ́n ń pè é. Ó ga, ó sì ń yára rìn débi pé òjìji rẹ̀ máa ń sáré kó lè bá a. Ó jókòó ti ìwé ìlànà náà lọ́jọ́ kan, ó kà á dé ojú ìwé kẹjọ, inú sì bí i.

"Àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, tó fẹ́ ṣe dókítà, àwa wá ń sọ fún wọn pé Àgíríkì tó? A ò tọ́ wọn sọ́nà nìyẹn. A ń tì wọ́n sí kòtò ni."

Ó pàṣẹ pé láti ọdún náà lọ, ọmọ sáyẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ ka Físíìsì fún ọdún mẹ́ta gbáko, láìsí tàbí-tàbí. Ẹni tó bá fẹ́ Àgíríkì lè fi kún un. Ó sọ ọ́, Leah sì tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà.

Leah ni akọ̀wé ilé ìwé. Ìlàjẹ ni, ọmọ apẹja, etí omi Bàrígà ló ń gbé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Peculiar, tí òun àti Hikmat jọ wà ní kíláàsì kan. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìka rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Bó bá ń tẹ̀wé, kì í wo ọwọ́, kì í wo bọ́tìnnì, ojú ọ̀run ló máa ń wò, bí ẹni pé áńgẹ́lì ló ń pè é fún un. Òun náà ló gbé àpòòwé dé ṣọ́ọ̀bù Àbúdù.

"Bàbá Hikmat, Sístà ní kí ẹ fara balẹ̀ wò ó o. Nǹkan ti yí nínú rẹ̀."

"Kí ló yí? Ṣé fọ́tò Sístà ni?"

"Fọ́tò yí, ọdún yí, nǹkan mìíràn náà sì yí."

"Ìyá Peculiar, ẹ bá mi kí Sístà. Ẹ ní èmi gan-an ni ìwé yẹn. Bó bá yí, ara mi á ti sọ fún mi."

Leah rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Àbúdù ṣí àpòòwé. Ó rí fọ́tò, ó rí ọ̀rọ̀ ìkíni ọ̀gá tuntun, ó ṣe pléètì tuntun fún méjèèjì. Ó ṣí èyí tó kù wàrà-wàrà: ó rí Ìmọ̀ Bíbélì, ó rí ogójì wákàtí, ó rí iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀rẹ́ àtijọ́ ni gbogbo wọn. Ó na ọwọ́ sókè, ó gbé pléètì àtijọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí pẹpẹ.

Moshood, ọkùnrin tó ń bá a tọ́jú ẹ̀rọ, gbé àpòòwé náà lọ́wọ́. "Ọ̀gá, ṣé ká kà á wé ti àtijọ́ ni?"

"Kí ló dé? Ìwọ náà fẹ́ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì?"

Moshood rẹ́rìn-ín, ó tan ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ̀yìn ìwé àti ọ̀rọ̀ ìkíni nìkan ni Àbúdù mú lọ fún Sístà láti yẹ̀ wò kó tó tẹ èyí tó kù. Sístà wò ó, inú rẹ̀ dùn sí fọ́tò, ó fọwọ́ sí i. Nígbà tí ìwé dé tán, ó pín in fún àwọn ọmọ láìṣí i wò. Ta ló tún ń ka ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti sọ?

Lọ́jọ́ tí Hikmat ní láti yan ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ó tẹ́ ìwé náà síwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá, Ọ̀gbẹ́ni Bámilóyè ní Físíìsì ló dáa kí n mú."

"Iṣẹ́ wo ni Bámilóyè ń kọ́ yín?"

"Físíìsì."

"Ẹ wá gbọ́ nǹkan. Ìwọ ti rí ẹlẹ́kọ tó ní kí o lọ jẹ ẹ̀wà? Kí ni ojú ìwé kẹjọ sọ?"

"Físíìsì tàbí Àgíríkì."

"Èwo lo fẹ́ràn?"

"Àgíríkì."

"Ó parí. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀."

Báyìí ni Hikmat ṣe mú Àgíríkì. Peculiar náà mú un, torí Físíìsì máa ń lé e lójú àlá; kò sì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ mọ̀. Àwọn méjìlá mìíràn mú un. Wákàtí kan náà ni wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́ méjèèjì. Bí àwọn kan bá lọ sọ́dọ̀ Bámilóyè, àwọn yòókù á gbé ọkọ́ lọ sẹ́yìn ilé ìwé lọ ro oko ẹ̀gẹ́. Sístà a máa rí wọn láti ojú fèrèsé, a sì rò pé ọmọ áàtì ni wọ́n, a máa juwọ́ sí wọn.

Ọdún méjì kọjá. Ọdún kẹta wọlé, Sístà Sabina jókòó láti to orúkọ àwọn tó ń jáde. Ó to orúkọ, ó to ẹ̀kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó bá ọmọ sáyẹ́ǹsì mẹ́rìnlá pàdé tí kò sí Físíìsì lára wọn. Ó pe àwọn òbí.

Gbọ̀ngàn kún. Sístà kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Àwọn mẹ́rìnlá yìí kò lè jáde. Wọ́n gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn lọ bẹ̀rẹ̀ Físíìsì láti ìpìlẹ̀, ọdún mẹ́ta.

Ariwo sọ. Wosilat, ìyàwó Àbúdù, ló kọ́kọ́ dìde. Obìnrin náà kéré, ṣùgbọ́n bó bá pè ọ́ ní Ṣómólú, o lè dáhùn láti Ìkòròdú. Ó na ìwé ìlànà sókè.

"Sístà, ẹ gbọ́ mi o. Ìwé yín rèé. Ojú ìwé kẹjọ: Físíìsì tàbí Àgíríkì. Ṣé àwa la kọ ọ́ síbẹ̀ ni?"

Sístà gba ìwé náà, ó kà á. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún kà á.

"Èyí kọ́ ni mo ní kí wọ́n tẹ̀."

Ojú gbogbo ènìyàn yí sí Àbúdù. Àbúdù dìde. Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn rẹ̀ náà ló sọ, nítorí ó ti gbàgbé pátápátá pé pléètì àtijọ́ lòun lò: "Ohun tí wọ́n fún mi ni mo tẹ̀."

"Mo mọ̀," Sístà dá a lóhùn. "Ẹ̀rọ kì í ronú. Ohun tí wọ́n bá fi sí i lẹ́nu ló ń pọ̀." Ó yíjú sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. "Leah?"

Leah dìde. "Sístà, bí ẹ ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́."

"Níbo ló wà?"

Kò sí. Kọ̀ǹpútà ọdún náà ti kú, wọ́n ti gbé òkú rẹ̀ jù síbi tí wọ́n ń kó àga fífọ́ sí. Ohùn kan wá ké láti ẹ̀yìn, "Ọmọ akọ̀wé yìí náà wà nínú wọn o!" Ohùn mìíràn gbà á: "Ẹ ò rí nǹkan? Ó mọ̀ pé ọmọ òun ò lè ṣe Físíìsì, ó wá rán òfin bá ọmọ rẹ̀ lára!" Nígbà náà ni ariwo gba gbogbo gbọ̀ngàn. Leah wo ìka ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé òun gan-an kò dá wọn lójú mọ́.

Bàbá kan tó ń gbé ní Palmgrove, agbẹjọ́rò, dìde pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ó ní bó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ilé ìwé ló ṣe é, a jẹ́ pé ilé ìwé ló ṣi àwọn ọmọ lọ́nà; ẹni tó ṣini lọ́nà ló yẹ kó ru ẹrù. Sístà mí kanlẹ̀. Ó ní òun yóò kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tó ń darí àwọn ilé ìwé ìjọ, òun yóò bẹ̀ wọ́n pé kí àwọn mẹ́rìnlá jáde lọ́dún yìí, nítorí pé ẹ̀bi ilé ìwé ni. Ó ní kí Leah máa lọ jókòó sílé ná.

Àwọn òbí túká, ọkàn wọn fúyẹ́ díẹ̀. Ti Àbúdù nìkan ni kò fúyẹ́. Ọ̀rọ̀ tí Leah sọ lọ́jọ́ tó gbé àpòòwé wá ló ń padà wá sí i létí: nǹkan ti yí nínú rẹ̀. Ó dé ṣọ́ọ̀bù, ó gun àga, ó wá àpòòwé ọdún náà. Ó kúkú wà níbẹ̀; kí ló ń sọnù lọ́wọ́ Àbúdù? Ó yọ bébà jáde. Ojú ìwé kẹjọ. *Físíìsì, ọdún mẹ́ta, ó pọn dandan.* Leah tilẹ̀ ti fa ìlà sí i nídìí.

Àbúdù sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ó jókòó tó bẹ́ẹ̀ tí aláǹgbá méjì fi gun èjìká rẹ̀, tí wọ́n jà, tí wọ́n tún parí ìjà.

Ohun tó wà níwájú rẹ̀ kò ṣòroó rí. Bó bá jẹ́ Leah ló ṣẹ̀, ẹ̀bi ilé ìwé ni, a lè fi àánú jẹ́ kí Hikmat jáde. Bó bá jẹ́ Àbúdù ló ṣẹ̀, ará ìta ni, atẹ̀wé ni. Kí ló kan ilé ìwé? Bó bá la ẹnu, okùn tí ọmọ rẹ̀ dì mú já. Bó bá pa ẹnu dé, Leah ló ń rì.

Ó sọ ọ́ fún Wosilat. Wosilat gbé bébà náà, ó kà á, ó ká a, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Ẹ gbé e padà síbi tí ẹ ti rí i."

"Ìyá Hikmat, obìnrin yẹn—"

"Mo mọ̀ ọ́n. Obìnrin dáadáa ni. Ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ẹ mọ èyí tó kù. Bí lẹ́tà bá dé, tí Hikmat bá jáde, ẹ lè lọ dọ̀bálẹ̀ fún Leah títí àyà yín á fi gbẹ́ kòtò sílẹ̀."

Àbúdù gbé e padà.

Ọjọ́ kẹsàn-án, Leah fúnra rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù. Ó ti rù. Ó kí Moshood, ó kí Àbúdù, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Bàbá Hikmat, ọ̀rọ̀ kan ló wá sí mi lọ́kàn, mo ní kí ló dé tí mi ò ti rò ó tipẹ́. Gbogbo Ṣómólú ló mọ̀ pé ẹ kì í ju nǹkan nù. Ẹ bá mi wá bébà tí mo tẹ̀ fún Sístà lọ́jọ́ yẹn. Bí mo bá ṣì í, ojú mi á rí i. Bí mi ò bá sì ṣì í, ojú àwọn náà á rí i."

Àbúdù tó máa ń sọ̀rọ̀ bí òjò, ó wá ń wá ìkán omi kan.

"Eku," ó wí.

"Eku?"

"Eku ló jẹ ẹ́. Ìyá Peculiar, ẹ ò mọ eku Ṣómólú. Wọ́n kàwé ju Sístà lọ. Wọ́n jẹ ìwé ọdún mẹ́rin láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Òmíràn nínú wọn ti lè kọ orúkọ ara rẹ̀."

Leah kò rẹ́rìn-ín. Moshood pa ẹ̀rọ. Ó ń fi àkísà nu ọwọ́, ó ń wo ilẹ̀.

"Ọ̀gá," ó wí jẹ́jẹ́, "ológbò mẹ́ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù yìí."

"Eku ti jẹ ẹ́ kí wọ́n tó dé!" Àbúdù jágbe mọ́ ọn. "Tan ẹ̀rọ rẹ!"

Leah wo Moshood, ó wo Àbúdù, ó wo ológbò tó sùn sórí bébà gbígé. Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀.

"Ẹ ṣé, sà. Bí ẹ bá tún rí nǹkan."

Láti ọjọ́ náà, Moshood kò bá Àbúdù ṣe àwàdà mọ́. Bó bá sọ̀rọ̀, nípa ínkì ni.

Ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn ìpàdé kí èsì lẹ́tà tó dé. Sístà tún pe àwọn òbí, ó sì kà á fún wọn lórí ìdúró. Ọ́fíìsì ní àwọn bá ilé ìwé kẹ́dùn. Òfin ni òfin. Ọmọ sáyẹ́ǹsì tí kò ka Físíìsì kò ní jáde gẹ́gẹ́ bí ọmọ sáyẹ́ǹsì, ẹni yòówù kó jẹ̀bi. Akọ̀wé tó ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kí wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Kò ju ìlà mẹ́fà lọ. Wosilat tó máa ń dìde, kò dìde.

Àbúdù rìn délé bí ẹni tó ru ẹ̀rọ rẹ̀ lórí. Hikmat wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń sá aṣọ ilé ìwé.

"Wọ́n ò gbà," Àbúdù sọ.

"Mo gbọ́, sà." Ó gbọn aṣọ náà, ó fi kọ́ sórí okùn. "Ẹ má banú jẹ́ jù. Bí wọ́n tilẹ̀ gbà, mi ò lè ṣe agbẹ̀bí."

"Kí lo wí?"

"Níbi tí wọ́n ti ń kọ́ nọ́ọ̀sì, Físíìsì wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè. Mo rí i nínú fọ́ọ̀mù ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi lọ́dún tó kọjá."

"Lọ́dún tó kọjá! Kí ló dé tí o ò sọ?"

Hikmat wò ó. Kò wò ó tìbínú-tìbínú. "Bàbá, ẹ ní ẹ̀yin lẹ tẹ ìwé náà. Mo rò pé ẹ mọ nǹkan tí àwọn ò mọ̀ ni."

Àbúdù padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó mú àpòòwé, ó kọrí sí Bàrígà. Ó wọ kẹ̀kẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn láàrin àwọn ilé pákó títí tí èéfín ẹja fi gba ojú rẹ̀. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń hun ìtàn: yóò ní ológbò ló fà á jáde lánàá, yóò ní inú àpótí mìíràn ló bọ́ sí, yóò ní àlá ló fi í hàn òun. Mẹ́ta ni ìtàn náà, gbogbo wọn ló sì dùn.

Leah wà níwájú ibi tó ti ń yan ẹja, ó ń yí ẹja padà lórí àwọ̀n irin. Peculiar jókòó nídìí iná, ó ń koná. Ó rí Àbúdù, ó dìde wọlé.

"Ìyá Peculiar, mo rí i."

Leah nu ọwọ́, ó gbà á. Ó kà á láti òkè délẹ̀. Ó tún kà á.

"Mi ò ṣi ẹyọ kan," ó wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Mo ti ń rò ó pé bóyá mo ṣì í lóòótọ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á." Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè. "Ọjọ́ wo lẹ rí i?"

Ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kú sí Àbúdù lẹ́nu.

"Ọjọ́ ìpàdé àkọ́kọ́."

"Kí n tó wá bá yín?"

"Kí ẹ tó wá."

"Ìyẹn ni pé kí eku tó jẹ ẹ́."

Àbúdù wólẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eérú àti ìpẹ́ ẹja. Leah kò ní kó dìde, kò sì ní kó má dìde. Ó yí ẹja mẹ́ta padà.

"Ọjọ́ Ìsinmi márùn-ún ni mo fi lọ sí Máàsì," ó wí. "Bẹ́ǹṣì tó ń gba ènìyàn mẹ́jọ, èmi àti ọmọ mi nìkan là ń jókòó síbẹ̀. Bó bá di ìgbà tí Fadá ní ká fún ara wa ní ọwọ́ àlàáfíà, èmi àti ọmọ mi á bọ ara wa lọ́wọ́, àá jókòó."

"Ẹ dìde ká jọ lọ bá Sístà. Ẹnu mi ni n ó fi sọ ọ́."

"Ẹ máa lọ. Èmi ní ẹja lórí iná."

Sístà Sabina ka bébà náà lórí ìdúró. Ó jókòó. Láti yàrá kejì, wọ́n ń gbọ́ akọ̀wé tuntun tó ń fi ìka kan tẹ̀wé: tá... títí... tá... bí adìẹ arúgbó tó ń wá àgbàdo.

"Bàbá Hikmat, ẹ mọ̀ pé mo dárúkọ obìnrin yẹn níwájú àwọn ọmọ ní àpéjọ òwúrọ̀?"

"Mo mọ̀, Sístà."

"Mo ní kí wọ́n fi í ṣe àríkọ́gbọ́n. Ẹgbẹ̀ta ọmọ ló gbé e lọ sílé." Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo bébà náà. "Lọ́jọ́ Ajé, n ó sọ fún wọn pé irọ́ ni. Ẹ rò pé àwọn mélòó ló máa gbé ìyẹn délé?"

Àbúdù bi í léèrè nípa àwọn mẹ́rìnlá. Sístà mi orí. Físíìsì ṣì ni Físíìsì. Ó bi í nípa iṣẹ́ Leah. Sístà fi ojú tọ́ka sí yàrá kejì, níbi tí ìka kan ṣoṣo náà ti ń tẹ̀: ọmọ tí ọ́fíìsì fúnra wọn ti fi ránṣẹ́ láti ìgbà tí Leah ti jókòó sílé. Ní ti ìwé ìlànà, kò tilẹ̀ sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, Àbúdù sì mọ̀ pé òun kò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́ láyé.

Oòrùn ọ̀sán ṣì ń mú nígbà tó délé. Ó pe Hikmat jókòó, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: pléètì, àpòòwé, eku, èéfín, bẹ́ǹṣì. Kò fi iyọ̀ sí i, kò fi ata sí i. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Hikmat, kò tíì gbọ́ ìtàn tó gbẹ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu bàbá rẹ̀.

Hikmat gbọ́ ọ tán. Kò sunkún.

"Àwọn mẹ́tàlá yòókù ń kọ́?"

"Báwo?"

"Bàbá ọ̀kan nínú wọn kì í bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní ọmọ náà mọ òfin, ó fi pa mọ́ ni. Wọ́n ti mú òmíràn lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Àwọn ìyá mẹ́ta lọ bú Ìyá Peculiar létí omi, gbogbo ojú ló ń wò ó. Ta ló máa sọ fún wọn?"

Láti ọjọ́ ìpàdé, mẹ́rìnlá ni gbogbo ènìyàn ń kà, ọ̀kan ṣoṣo ni Àbúdù ń kà.

Hikmat dìde. Ó wé gèlè rẹ̀ wéré, ó wọ sálúbàtà. Ó ní ilé ẹni tó wà ní Palmgrove lòun máa kọ́kọ́ yà, òun á sì máa gba ibẹ̀ bọ̀ wá sí Bàrígà, ilé kan tẹ̀lé èkejì.

"Kí lo fẹ́ sọ fún wọn?"

"Ohun tí ẹ sọ fún mi."

"Dúró kí n bá ọ lọ."

Kò dúró. Ó ti yà ní ìkóríta kí Àbúdù tó rí ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kejì.